Ọwọ́ ta ni àṣà Bàǹtú wà?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn Bàǹtú àti bí àṣà wọn ṣe lè ran ọrọ̀ ajé lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ẹ tiẹ̀ rántí wọn, torí ìwé ìròyìn Yorùbá kì í sábà ya ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ ohun tí ẹ kọ ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Gbogbo ẹ̀ dá lórí ijó, ìlù, àwọn òyìnbó tó ń wá wòran àti owó tí wọ́n ń ná ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣé ibẹ̀ ni àṣà parí sí ni? Mo ti gbé Kampala ní Uganda rí, òwò aṣọ ló gbé mi débẹ̀, ohun tí mo fojú ara mi rí láàárín àwọn Baganda, ẹ̀yà Bàǹtú kan níbẹ̀, ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i kà.

Àwọn tó ń sọ èdè Bàǹtú pọ̀ gan-an, láti Kamẹrúùnù títí dé South Africa, èdè wọn ń lọ sí bíi 500, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìtòsí ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù níbí ni wọ́n ti ṣí lọ ní nǹkan bí 4,000 sí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí ọba kan tàbí ààrẹ kan tó lè sọ pé òun ló ń ṣojú gbogbo wọn. Àwọn kan gbìyànjú ẹ̀ o. Lọ́dún 1983, Ààrẹ Omar Bongo ti Gabon kó àwọn ìjọba mélòó kan jọ, wọ́n dá àjọ CICIBA sílẹ̀ ní Libreville láti máa ṣèwádìí ọ̀làjú Bàǹtú, kí wọ́n sì máa gbé e lárugẹ. Èrò tó dáa ni, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n tiẹ̀ kọ́ ilé ràgàjì kan fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjọba yẹn ò dáwó mọ́, ilé náà di ahoro, igbó sì bò ó. Kò sí aráàlú kankan tó jáde wá sọ pé ilé àwọn rèé, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.

Ti South Africa burú jùyẹn lọ fíìfíì. Ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ ló gbé òfin ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ lọ́dún 1953, wọ́n fi orúkọ Bàǹtú pè é, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dàgbà nínú àṣà tiẹ̀. Irọ́ gbuu! Ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa fi ṣe lébìrà ni wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń lé àwọn òbí wọn lọ sórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ní Rwanda, àwọn Belgium kọ Hutu, kọ Tutsi sórí káàdì ìdánimọ̀ láti àwọn ọdún 1930, wọ́n ní Hutu ni Bàǹtú, Tutsi ti ibòmíì wá, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Gbogbo wa la mọ ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1994.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè pé ọwọ́ ta ni àṣà náà wà.

Ní Buganda, ilẹ̀ àwọn Baganda, ọwọ́ ìdílé, ìyẹn àwọn tó ti ara baba ńlá kan náà wá, ló wà. Lọ́dún 1966, àwọn sójà Obote, olórí ìjọba Uganda nígbà náà, Idi Amin ló ṣáájú wọn, ya wọ ààfin Kabaka (ọba Buganda) ní Mengo. Kabaka Mutesa Kejì sá lọ sí London, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1969. Òfin tuntun ti 1967 gba ọba lọ́wọ́ wọn, àwọn sójà sì gba Bulange, ilé tí ìgbìmọ̀ wọn ti ń jókòó. Ọdún tó lé ní 25 ni wọn ò fi lọ́ba. Kí ló yẹ kó ṣẹ́ kù? Àwọn ìdílé ṣẹ́ kù. Wọ́n lé ní 50, kálukú ló ní èèwọ̀ tiẹ̀, erin ni ti àwọn kan, olú ni ti àwọn mìíì, ti àwọn kan tata, ọmọ ìdílé kan náà ò gbọ́dọ̀ fẹ́ra, tí èèyàn bá sì kú, ìdílé ló máa yan ẹni tó máa jogún ẹ̀. Sójà lè gba ilé, ta ló máa gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn? Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Museveni wá dá oyè padà lọ́dún 1993 tí wọ́n fi Ronald Mutebi jẹ Kabaka, ìtẹ́ náà rí orí ohun tó máa dúró lé.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ kọfí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti dùn. Kọfí wà nínú oko àwọn Baganda ṣáájú òyìnbó, bí àwa ṣe ń fi obì gbàlejò ni wọ́n ṣe ń gbé èso kọfí gbígbẹ síwájú àlejò kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Tí ọkùnrin méjì bá fẹ́ bára wọn mulẹ̀ láyé àtijọ́, èso kọfí kan ni wọ́n máa là, torí horo méjì ló ń wà nínú èso kan, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn kàn án, kálukú á jẹ horo ẹnì kejì ẹ̀. Nígbà tí Charles Peter Mayiga, tó di Katikkiro (olórí ìjọba Kabaka) lọ́dún 2013, wá ń lọ káàkiri agbègbè 18 tó wà lábẹ́ Kabaka pé kí wọ́n gbin kọfí, ọ̀rọ̀ èdè wọn ló mú lò, Emmwanyi Terimba, kọfí kì í parọ́. Ó ń gbé ọmọ kọfí fún wọn, ó ń dé oko àgbẹ̀, ó ń yin ẹni tó tọ́jú tiẹ̀ dáadáa. Ẹ bi ara yín pé òṣìṣẹ́ ìjọba wo ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tí àgbẹ̀ á gbọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gbọ́ "ẹ gbin èyí, ẹ gbin tọ̀hún" lẹ́nu gọ́mẹ́ńtì títí ó ti sú wọn, ṣùgbọ́n Katikkiro tó wá, wọ́n gbà pé Kabaka ló rán an, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n gbìn ín.

Nínú oko kọfí yẹn náà lẹ máa ti rí igi mutuba, ẹbí ọdán wa ni, òun ló ń ṣíji bo kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀ ni wọ́n ń bó, wọ́n á fi òòlù onígi lù ú títí á fi fẹ̀ bí aṣọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń sin òkú, tí wọ́n fi ń jẹ oyè. Wọn kì í gé igi náà o. Tí wọ́n bá ti bó o tán, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e lára, èèpo mìíì á hù, wọ́n á tún padà wá bó o. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, dá iṣẹ́ yìí mọ̀ lọ́dún 2005, àwọn aránṣọ ìgbàlódé sì ti ń lò ó fún báàgì àti oríṣiríṣi nǹkan. Igi kan, ó ń fún kọfí ní ìbòòji, ó ń fún èèyàn láṣọ. Èmi tí mo ń ṣòwò aṣọ, mo dúró wo àwọn tó ń lù ú, ó wù mí débi pé mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 2010, iná jó ilé tí wọ́n sin àwọn Kabaka sí ní Kasubi. Ẹkún lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Mayiga gorí àlééfà ló bẹ̀rẹ̀ ètò Ettoffaali, bíríkì nìyẹn, kálukú mú owó bíríkì tiẹ̀ wá, onímọ́tò mú wá, àwọn ìyá ọlọ́jà mú wá, ọmọ iléèwé mú kọ́ìnsì wá, wọ́n sì ń ka orúkọ lórí rédíò CBS tí Mengo (ìjọba Kabaka nìyẹn) dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Owó yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi tún Kasubi kọ́, òun náà ni wọ́n fi parí ilé Masengere tí wọ́n fi ń gba owó rẹ́ǹtì. Lọ́dún 2023 UNESCO yọ Kasubi kúrò lára àwọn ibi tó wà nínú ewu. Ẹ fi èyí wé ti Libreville, kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹ wo eré sísá ọjọ́ ìbí Kabaka náà. Èèyàn ń ra fáníìlà, wọ́n ń sáré, owó ẹ̀ ń lọ sórí ìtọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ti àwọn obìnrin tó ń yọ ìtọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àti HIV. Àwọn UNAIDS, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti HIV, ti rí i pé ọkùnrin tí kò gbọ́ ti dókítà á gbọ́ ti Kabaka, ni wọ́n ṣe fi í ṣe aṣojú wọn lọ́dún 2017. Àwa tí fòníkú-fọ̀ladìde ń pa ọmọ wa níbí, ó yẹ ká gbọ́ èyí.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló dáa níbẹ̀ o. Ní September 2009, ìjọba ò jẹ́ kí Kabaka dé Kayunga tó wà lábẹ́ ẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, wọ́n ti CBS pa fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló tún dùn mí jù. Àdéhùn 1900 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ fún Kabaka àti àwọn ìjòyè ní máìlì-máìlì, àgbẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ wá di ayálégbé, títí dòní. Kọfí kì í ṣe àgbàdo, ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó so dáadáa, yóò sì máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Báwo lèèyàn á ṣe gbìn ín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò? Mengo gbé ètò Kyapa mu Ngalo wá lọ́dún 2017, ìwé ilẹ̀ fún ọdún 49 fún àwọn tó wà lórí ilẹ̀ Kabaka, ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n ní ilẹ̀ tí baba àwọn ti ń dá oko ni wọ́n tún ń yá àwọn. Èmi náà rò pé Mengo gbọ́dọ̀ ṣe jùyẹn lọ. Ẹni tí ò mú nǹkan kan bí ò ṣe ọkọ́ àti ìgbọ́ràn sí ọba, ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin olóòtú wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé tí ẹ bá tún máa kọ nípa Bàǹtú, ẹ fi hòtẹ́ẹ̀lì àti oníjó sílẹ̀. Ẹ rán oníròyìn yín kan lọ sí apá Masaka níbi tí kọfí pọ̀ sí, kó jókòó ti àgbẹ̀, kó bi í pé ta ló fún un ní ọmọ kọfí tó gbìn, èló ló ń ta kílò kan, ta ló ni ilẹ̀ tó wà, ìdílé wo ló ti wá. Kí ẹ tẹ èsì ẹ̀ jáde bó ṣe sọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.