Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ́ìlì tí ó ń jò lára alùpùpù rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. Ọ̀rọ̀ alùpùpù tí o fi kádìí lẹ́tà náà ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí o kọ ọ́ bí ohun tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó tó nǹkan. O ní ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, o sì ti ń gbèrò láti ra gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sìlíńdà, ìyẹn pẹlẹbẹ tí a fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà jò, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì tú bóòtì kankan. Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kọ́ ni ó sábà máa ń ti jò. Ọ́ìlì a máa ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀, bí alùpùpù bá sì ń sáré, atẹ́gùn a tún máa gbá a láti iwájú lọ sẹ́yìn, débi pé ohun tí ó jáde lábẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì lè gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó yí sìlíńdà ká kọjá, kí ó sì lọ kóra jọ sí ìdí sìlíńdà gan-an, níbi tí ojú rẹ ti rí i. Bí o bá tú ìdí náà, o ti tú ìdajì ẹ́ńjìnnì, jíjò náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Fọ ẹ́ńjìnnì náà kí o tó ṣe ohun mìíràn. Jẹ́ kí ó tutù, kí o fi ọ̀rá di ẹnu kabúrẹ́tọ̀ tí ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, ẹnu sàlẹ́ńsà àti gbogbo ibi tí wáyà iná ti so pọ̀, kí o wá fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ara rẹ̀ títí irin yóò fi hàn. Má ṣe lo bẹntiróòlù, nítorí kíá ni iná máa ń ràn mọ́ ọn. Tú ìdérí tí ó bo ibi tí ṣéènì ti wọ ẹ́ńjìnnì, nítorí ibẹ̀ ni gírísì àti erùpẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ máa ń dì sí, kí o sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ yìí máa ń sú, wọn a fọ̀ ọ́ gbà-mí-má-pọ̀, wọn a sì padà wá máa méfò. Lára irin tí ó mọ́ tónítóní nìkan ni ọ́ìlì tuntun ti lè jẹ́rìí.

Bí ó bá ti gbẹ dáadáa, fọ́n àtíkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára yíká. Tan ẹ́ńjìnnì náà níta gbangba, jẹ́ kí ó gbóná, kí o sì gùn ún díẹ̀ láìsáré. Lẹ́yìn náà, pa á, mú tọ́ọ̀ṣì, kí o sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ibi tí ọ́ìlì bá ti kan àtíkè yóò ṣókùnkùn. Ibi tí ó ga jù, tí ó sì wà níwájú jù lọ nínú àwọn ibi tí ó ṣókùnkùn, ni kí o mú, kì í ṣe ibi tí ó pọ̀ jù. Má jẹ́ kí ìrìn náà gùn, nítorí bí ọ́ìlì bá ti tàn káàkiri, gbogbo ìsapá rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí o tún un fọ̀. Àwọn jíjò kan wà tí kì í hàn àyàfi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà lójú kan fún wákàtí púpọ̀. Nítorí náà, tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́, kí o sì sàmì sí apá tí táyà iwájú wà.

Fi ìka pa ohun tí ó bá kán náà, kí o sì gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tí ṣéènì ń ta sára a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì máa ń dúdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti tìtorí rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì tí kò jò rárá. Gbóòórùn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tí ó sì ga ju ibi tí o fi í sí lọ, má ṣe tan án rárá. Kabúrẹ́tọ̀ kò padé mọ́, bẹntiróòlù sì ń ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èyí léwu ju jíjò lọ, nítorí ọ́ìlì tí epo bẹntiróòlù ti là kò lè dáàbò bo irin, epo náà sì lè gbiná. Tún kabúrẹ́tọ̀ ṣe, kí o sì da gbogbo ọ́ìlì náà nù kí o tó tún gùn ún.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn gidigidi, èyíinì ni ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí písítìnì, irin tí ń sáré nínú sìlíńdà, ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ó ń ti atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn, àti pé nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti dàgbà, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tí iná sun máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ òrùka písítìnì bọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó gbà jáde ni ihò yìí àti ọ̀pá rọ́bà rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, tàbí tí rọ́bà náà bá ká, yóò rí bí ìkòkò tí ń hó tí a tẹ ọmọrí mọ́ gbọingbọin: ibi tí ó bá rọ̀ jù ni ooru yóò gbà tú jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́wàá kò ní dá a dúró. Yọ rọ́bà náà, fi ẹnu fẹ́ ẹ, kí o sì rí i pé afẹ́fẹ́ ń kọjá. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, nítorí náà, wọ̀n ọ́n nígbà tí alùpùpù bá dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kì í ṣe nígbà tí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ṣéènì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Síìlì, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì yọ jáde, wà lára ọ̀pá tí ń yí ṣéènì, òmíràn wà lára ọ̀pá jíà, nígbà mìíràn ọ̀kan tún wà fún kílọ́ọ̀ṣì. Ooru àti ọjọ́ orí a máa sọ ètè rọ́bà wọn di líle, kò sì ní lè di ọ̀pá mú mọ́. Nígbà tí o bá yọ síìlì àtijọ́, fi èékánná rẹ wọ́ ojú ọ̀pá níbi tí ètè náà ti ń fi ara rà á. Bí èékánná bá há sí ojú ìlà kan, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ kòtò sí i, tuntun yóò sì jò bí o bá tì í débi kan náà. Bí àyè bá wà, má tì í wọlé tó ti tẹ́lẹ̀, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ. Fi ọ́ìlì pa á lẹ́nu kí o tó tì í, kí ó sì wọlé lọ́gbọọgba.

Bí ó bá jẹ́ bóòtì tí a ń tú láti da ọ́ìlì nù ni ó ń jò, wáṣà rẹ̀ ni kí o pààrọ̀. Má ṣe fi agbára dè é, nítorí alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, ojú ìlọ́ rẹ̀ sì lè fà ya. Bí ó bá jẹ́ ìdérí òkè, igi tàbí ike ni kí o fi ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kí o sì máa de àwọn bóòtì rẹ̀ tí ó dojú kọra wọn tẹ̀lé ara wọn, díẹ̀díẹ̀ títí dé ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù náà kọ. Sá fún gọ́ọ̀mù púpọ̀. Èyí tí ó bá yọ sínú yóò já, yóò sì lè dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà.

Títí tí o ó fi rí orísun rẹ̀, wo ìwọ̀n ọ́ìlì kí o tó jáde, kí o sì wo táyà ẹ̀yìn àti bíréèkì rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti kan èyíkéyìí nínú wọn, má gùn ún, ọmọ mi, bí ó ti wù kí ìrìn àjò náà jẹ́ kánjúkánjú tó. Kọ ìwé sí mi nígbà tí àtíkè bá ti fi ibì kan hàn ọ́, kí o sì sọ ẹ̀gbẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ ṣókùnkùn fún mi kí o tó ra ohunkóhun.

Èmi ni bàbá rẹ.