Ẹ̀sùn lórí ohun tí ìwé ìtàn yín kọ nípa ohun ìjà Etiópíà

Sí Ọ̀gá Àgbà àti Olóòtú Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìtẹ̀wé,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ìwé yín lórí ìtàn àgbáyé láti 1919 dé 1939 ni ilé-ẹ̀kọ́ wa rà fún àwọn kíláàsì àgbà ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí, owó tí àwọn òbí dá jọ ni a sì fi rà á. Bébà rẹ̀ dára, àwòrán inú rẹ̀ sì hàn kedere. Orí tí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa Etiópíà ni ẹ̀sùn mi dá lé. Níbẹ̀ ni ẹ ti kọ ọ́ pé àwọn ìjọba Yúróòpù kò ṣègbè fún ẹnikẹ́ni, pé bákan náà ni wọ́n ṣe fòfin de títa ohun ìjà fún Ítálì àti fún Etiópíà, àti pé àìmúrasílẹ̀ ọba Etiópíà ló mú kí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, ní 1936.

Òótọ́ ni pé ní oṣù keje ọdún 1935 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti kó ohun ìjà lọ sí Ítálì tàbí sí Etiópíà. Òótọ́ sì ni pé Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, tí Ààrẹ Roosevelt sì lò ó fún orílẹ̀-èdè méjèèjì nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ítálì ní Fiat ní Turin, ó ní Ansaldo ní Genoa, ó ní Breda, ó sì ní Beretta, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ogun onírin àti ìbọn fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni Etiópíà ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun ìjà ìgbàlódé tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ọjà pa, ẹni tí àká rẹ̀ kún nílé kò ní sùn lébi. Ẹni tí ń ra oúnjẹ òòjọ́ ni ebi yóò pa. Òfin tí ó ń pa ẹnìkan lára tí kò sì kan èkejì, báwo ni ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ pé kò ṣègbè?

Bí ẹ bá ní àyè kò gbà yín lórí èyí, kò sí àwíjàre fún bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 1935. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 ni ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ka kíkó ohun ìjà wọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, tí ó sì ka Etiópíà, ilẹ̀ olómìnira tí ó ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa ní 1896, mọ́ àwọn ilẹ̀ tí àwọn amúnisìn ń ṣàkóso. Nígbà tí Etiópíà fẹ́ wọ Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè (League of Nations) ní Geneva ní 1923, ó ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò tẹ̀lé ìlànà àdéhùn yẹn lórí ohun ìjà. Ní ìpàdé Geneva ti 1925, àwọn aṣojú rẹ̀ jà títí wọ́n fi yọ orúkọ ilẹ̀ wọn kúrò nínú àwọn agbègbè tí a kà léèwọ̀. Ìjà ńlá ni èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ì bá sì fẹ́ràn láti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn 1925 náà kò fìdí múlẹ̀ rí. Ó wá di ọdún 1930 kí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì tó bá Etiópíà ṣe àdéhùn pé ìjọba ọba ní ẹ̀tọ́ láti ra ohun ìjà tí yóò fi dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ítálì wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí nínú ìwé yín.

Àwòrán ilẹ̀ tí ẹ fi sí ojú-ìwé náà dára, àmọ́ ẹ kò ṣàlàyé ohun tí ó ń fi hàn. Etiópíà ìgbà náà kò ní etí òkun. Eritrea àti apá kan Sòmálíà wà lọ́wọ́ Ítálì, Djibouti wà lọ́wọ́ Faransé, Sùdáàn, Kẹ́ńyà àti apá Sòmálíà yòókù wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn tí a bá ti sanwó rẹ̀ ní Yúróòpù kò lè dé Addis Ababa àfi bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbà kí ó kọjá, ọ̀nà tí ó sì já gaara jù ni reluwé láti Djibouti. Ní oṣù kìíní ọdún 1935 Laval, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé, lọ bá Mussolini ṣe àdéhùn ní Róòmù, nítorí pé Faransé ń wá ọ̀rẹ́ tí yóò bá a dènà Hitler, olórí Jámánì, Ítálì sì rí ìpín gbà nínú ilé-iṣẹ́ reluwé yẹn gan-an. Nígbà tí Haile Selassie, ọba Etiópíà, dúró níwájú Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè ní Geneva ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1936, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé wọ́n ń dí kíkó ohun ìjà lọ́wọ́ lórí ọ̀nà reluwé náà, àti pé òun bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ owó láti ra ohun ìjà, wọn kò fún òun.

Ọba yìí kan náà ni ẹ pè ní aláìmúrasílẹ̀. Ó gba àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m láti kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ níṣẹ́ ogun, ó gba àwọn ọ̀gágun Swídìn sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Holeta, ó sì ra ohun tí agbára rẹ̀ ká. Àní Jámánì fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀ ní 1935. Hitler kò ṣe é nítorí ìfẹ́ Etiópíà. Mussolini ló ń dí i lọ́wọ́ láti gba Austria, ó sì wu Hitler kí ogun Áfíríkà gba gbogbo àkókò Mussolini.

Mo gbà pé ohun tí ẹ kọ nípa epo rọ̀bì, tí àjọ náà kò fi kún ohun tí wọ́n kọ̀ láti tà fún Ítálì, péye. Ó yẹ kí ẹ fi kún un pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú òfin tí ó fi de títa ohun ìjà fún Etiópíà kúrò ní oṣù kẹwàá 1935, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ítálì ti kọjá ibodè láti ọjọ́ 3 oṣù náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi. Nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, gbé ohùn wọn sókè fún Etiópíà. Ó dùn mí pé ọmọ kíláàsì mi kan, ní ọdún tí a wà yìí, ka ìwé yín tán, ó sì kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ọ̀lẹ ni ó pa Etiópíà. Mi ò lè gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí ìwé sọ ló kọ.

Mo ti fi ìméèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tí ń dá oníbàárà lóhùn. Èsì wọn ni pé ẹ ṣe àkékúrú orí náà láti inú ìwé ńlá kan, àti pé ẹ̀dà tuntun kò tíì sún mọ́. Èsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ ojú-ìwé àtúnṣe kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ra ìwé náà, kí ẹ sì gbé e sórí ìkànnì yín kí sáà tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò dá àwọn ẹ̀dà tí kò tíì dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ padà, a ó sì retí owó wa pátá. Ìwé ẹ̀rí tí a fi rà á wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú ẹ̀dà ojú-ìwé tí mo ń sọ, mo sì ti fàlà sí àwọn gbólóhùn tí ó yẹ kí ẹ tún kọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn, Ìbàdàn