Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ gba owó ohun tí aláìsàn kò gbà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe tó máa ń wà nínú ìwé owó tí àwọn ilé ìwòsàn ń tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kò wá bú àwọn káṣíà. Mo ti jókòó sórí àga wọn rí.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n dá àbúrò mi obìnrin dúró ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn. Ọjọ́ Ajé ló wọ wọ́ọ̀dù, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì sì ni dókítà ní kó máa lọ sílé, a sì lọ, nítorí pé dìpọ́síìtì tí a san ti ju owó ìtọ́jú lọ. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti gba ìwé owó àti ṣéńjì wa, mo rí i pé ìgò abẹ́rẹ́ ceftriaxone mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fún un. Dókítà ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kó máa gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ méjì pé, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn oníhóró. Àwọn nọ́ọ̀sì dá abẹ́rẹ́ dúró. Kò sí ẹni tó dá owó rẹ̀ dúró, torí pé láti ìgbà tí dókítà ti tẹ oògùn náà wọlé ni owó ìgò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti bọ́ sínú ìwé aláìsàn. Owó ibùsùn òru márùn-ún náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó sun òru mẹ́rin. Ìdí ni pé ọ̀gànjọ́ òru ni kọ̀ǹpútà náà máa ń ka ibùsùn, kò sì ní ṣíwọ́ kíkà títí akọ̀wé yóò fi pa fáìlì dé, ìgbà yòówù kí aláìsàn ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn gbọ́ nìyí: owó kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́rùn aláìsàn nígbà tí dókítà kọ nǹkan, bí kò ṣe nígbà tí aláìsàn gbà á. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i pé òun fún abẹ́rẹ́ yìí ní aago báyìí ló yẹ kí owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àkókò tí dókítà sì kọ ìwé ìlọsílé ló yẹ kí owó ibùsùn dúró. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ti ń ṣe, kí kọ̀ǹpútà máa fi ohun tí a san wé ohun tí a gbà lálaalẹ́, kí iyekíye tó bá ṣẹ́ kù hàn gbangba.

Iná mànàmáná náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí iná bá lọ bí káṣíà ṣe ń tẹ nǹkan wọlé, tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé e padà, kò ní mọ̀ bóyá èyí tí òun tẹ̀ ti wọlé, yóò sì tún un tẹ̀. Kí àṣẹ dókítà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí a kò lè gbowó lé lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà má kàn yọ ohun tó bá jọra dànù, nítorí pé alátọ̀gbẹ lè ṣe àyẹ̀wò ṣúgà nígbà mẹ́rin lóòjọ́. Kó béèrè lọ́wọ́ káṣíà ni.

Àtẹ iye owó ni ibi tí àṣìṣe ńláńlá ti ń wá. Ọ̀pọ̀ páálí parasitamọ́ọ̀lù ló ní hóró 96 nínú. Bí ẹnì kan bá fi iye owó páálí síbi tó yẹ kí iye owó hóró kan wà, ẹni tó lo hóró 18 yóò san owó páálí 18. Èyí kò bà mí lẹ́rù púpọ̀, torí pé olúwarẹ̀ yóò pariwo. Àṣìṣe ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, ni mo ń bẹ̀rù. Kí wọ́n tó lo àtẹ tuntun, kí wọ́n mú fáìlì aláìsàn àtijọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣírò wọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá kọ̀ǹpútà yóò mú iye kan náà jáde.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí ẹ̀wẹ̀, orúkọ bàbá kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ń jẹ́, ọjọ́ ìbí wọn kò sì yàtọ̀. Nọ́ńbà káàdì ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, kí owó ọ̀kan má baà bọ́ sọ́rùn èkejì.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kí olùtọ́jú jẹ́ kí aláìsàn mọ iye tí ìtọ́jú yóò ná an, ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìṣirò owó tí kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìwé owó tó kàn kọ “oògùn” tó sì kọ àpapọ̀ owó sí iwájú rẹ̀ kò bá èyí mu.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ojú fèrèsé kọ́kọ́ sọ pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo lọ ni wọ́n dá owó wa padà. Mo béèrè bóyá wọ́n ti tún ètò náà ṣe. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nìyẹn, pé òun kò tíì sọ fún wọn.

Emi ni,
Akọ̀wé owó tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.