Ọ̀rọ̀ Ọtí àti Ìfẹ́: Sí Ọmọ Mi ní Lọ́kọ́jà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Kàbà. Àbúrò rẹ sọ fún mi pé ìwọ àti ọmọbìnrin kan ti ń fẹ́ra yín, àti pé ìdí ọtí ni ẹ sábà máa ń pàdé sí ní alẹ́ Sátidé. Inú mi dùn sí ìfẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Má ṣe wí pé ẹnu mi kò gbà á nítorí pé owó ọtí ọkà tí mo ń pọn tà ni mo fi ń san owó ilé-ìwé rẹ, torí èmi tí mo ń tà á ni mo ń rí ohun tó ń ṣe.

Ọkùnrin kan a wọlé, kò ní lè gbójú sókè wo obìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tó bá fi máa mu igbá kejì tán, yóò ti sún àga rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rín tí obìnrin náà sì fi ń yẹra fún un ni yóò kà sí pé ó ti gbà fún òun. Ibi tí ọpọlọ ti ń rò ó wò kí a tó hùwà ni ọtí tètè máa ń mú, nígbà tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀ tó já gaara, nítorí náà ẹni tó ti ń yó lè fi gbogbo ara gbà pé ojú òun dá. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ṣèlérí ìgbéyàwó, tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kò ní rántí pé àwọn sọ nǹkan kan.

Má ṣe bá ọmọbìnrin rẹ yẹn mu ọtí ní ife fún ife. Bí ẹ bá tilẹ̀ wúwo bákan náà, òun ni yóò sábà kọ́kọ́ yó, nítorí omi inú ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Kọfí àti omi tútù tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbẹ́kẹ̀ lé kò lè lé ọtí kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ìgò bíà ńlá kan sì lè gbà á ju wákàtí méjì lọ.

Bí ó bá ti yó, “mo gbà” tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe ìyọ̀ǹda, bí ìwọ náà bá sì ti yó, o kò ní mọ bí tirẹ̀ ti pọ̀ tó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn kò ka ìyọ̀ǹda tí a fi ohun tó ń gba ìfẹ́-inú ẹni lọ́wọ́ ẹni gbà sí ìyọ̀ǹda rárá. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, pe obìnrin kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó sìn ín dé ilé, kí ìwọ sì máa lọ sí tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó bá wà nínú rẹ, fi ọ̀sán sọ ọ́, bóyá ní etí omi níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Èyí tí òun bá sì sọ lórí ọtí, bi í léèrè ní ọjọ́ kejì.

Tí ó bá wù yín, ẹ jọ wá sílé nígbà iṣu tuntun. N óò bu igbá kan fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ jẹ iyán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.