Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ bíréèkì kún ọ̀rọ̀ akoto

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá sọ̀rọ̀ nípa ìjàǹbá alùpùpù, ìmọ̀ràn tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ kì í ju pé kí oníkálukú dé akoto lọ. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àwọn olùṣèwádìí tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100 fún awakọ̀ tí ìjàǹbá bá dé bá. Ṣùgbọ́n irú akoto wo? Akoto kò sì lè dá alùpùpù dúró. Bíréèkì ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an làwọn èèyàn kì í bèèrè.

Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ fi téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò yí orí po, kó gba iwájú orí, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sókè irun tó wà lókè ojú, kó sì gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ síta jù. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi wé ti akoto, torí mídíọ̀mù iléeṣẹ́ kan lè jẹ́ láàjì níbòmíràn. Akoto tuntun gbọ́dọ̀ fún díẹ̀. Tí ẹ bá dé e tán, ẹ dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ yí i: awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti iwájú orí gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí akoto bá ń yí tí awọ dúró sójú kan, ó ti tóbi jù. Lẹ́yìn náà, ẹ de okùn rẹ̀ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, kó ku ààyè ìka kan tàbí méjì péré, kí ẹ wá di etí rẹ̀ mú níbi ìpàkọ́, kí ẹ fà á sókè síwájú. Bó bá bọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, torí bó ṣe máa bọ́ lójú títì nìyẹn kí orí tó kanlẹ̀. Fífún káàkiri ò burú, torí fóòmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀ tó bá yá. Ojú kan ṣoṣo tó bá ń dùn yín ní iwájú orí ni kò ní í lọ.

Ẹ wo àmì ìdánwò: ECE 22.06 ni ti Yúróòpù, DOT ni ti Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ sítíkà, nítorí náà ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ aṣọ inú gbọ́dọ̀ ní fóòmù líle tó nípọn, tí wọ́n ń pè ní EPS. Òun ló ń rún tí agbára ìkọlù fi ń tán sínú rẹ̀ kó tó dé ọpọlọ, bó bá sì ti rún kì í padà sípò mọ́. Akoto tó ti fara gba ìjàǹbá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́; bẹntiróòlù àti tínà ń jẹ ike àti fóòmù náà.

Ó wá kan bíréèkì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń sá fún ti iwájú, wọ́n ní ó ń gbé èèyàn ṣubú. Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń bọ́ sí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ti iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Fífún un lójijì ló ń bi èèyàn ṣubú. Ẹ rọra fún un, kí ẹ máa fi kún un, kí ẹ sì tẹ ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn.

Lórí bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù, ẹ fi rúlà wọn orí pẹ́dà, láti ibi tó sinmi sí dé ibi tí ṣúù, ìyẹn ohun tó ń fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Mìlímítà 20 sí 30 ló wọ́pọ̀. Nọ́ọ̀tì tó wà ní ìparí rọ́ọ̀dù, irin gígùn tó so pẹ́dà mọ́ bíréèkì, ni kí ẹ fi tún un ṣe, ní ìlàjì yíyí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rí i pé ojú rẹ̀ tó tẹ̀ jókòó dáadáa sórí píìnì. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí i. Bó bá ń há káàkiri, ẹ ti fún un jù, á gbóná, á sì jó ṣúù. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí ọfà ara apá rẹ̀ (irin kékeré tí rọ́ọ̀dù ń fà) dé ojú àmì tó wà lára ìdérí dúrọ́ọ̀mù, ṣúù ti tán. Àwọn kan máa ń yọ apá náà, wọ́n á sún un ní eyín kan kí nọ́ọ̀tì lè tún rí nǹkan fún. Ẹ má gbà kí wọ́n ṣe é fún yín láé! Irin tó ń ti ṣúù síta lè yí kọjá ààyè rẹ̀, kí táyà há pátápátá. Ṣúù tí ọ́ìlì bá ti wọ̀, fífọ̀ ò ràn án: ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá síìlì tó ń jò.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì onídísíìkì ò gùn. Bí nínípọn páàdì, ìyẹn ohun tó ń fún dísíìkì láàárín, bá ti kéré sí mìlímítà 2, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fún ọwọ́ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí alùpùpù tó kúrò lójú kan. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: ti tuntun kì í hó títí ooru á fi dé 230°C ó kéré tán, èyí tó ti mu omi sì lè hó ní 155°C. Bó bá hó, afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ ń fún. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, ó ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú.

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì pàápàá máa ń gbàgbé: bí wọ́n bá fa ṣéènì, táyà á sún sẹ́yìn, rọ́ọ̀dù bíréèkì á sì le. Ẹ tún pẹ́dà wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá iná bíréèkì ẹ̀yìn ṣì ń tàn tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, kí ẹ sì rí i pé bóòtù irin tó di ìdérí bíréèkì mú wà níbẹ̀, pẹ̀lú píìnì rẹ̀. Bí bóòtù yẹn bá já, gbogbo ìdérí náà ló máa bá táyà yí.

Àwa ni tiyín,
Àwọn mẹkáníìkì alùpùpù