Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa aláró àti aládìrẹ sí káńsù: ẹ pè wá kí ẹ tó fẹnu ọ̀rọ̀ jóná

Sí ẹ̀yin Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù gbogbo, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó wà nídìí owó orí ní sẹkitéríàtì. Kọ́pì kan ń lọ sọ́dọ̀ aṣòfin wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, kọ́pì kan ń lọ sáàfin.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú làálàá. Àwa aláró àti aládìrẹ tó wà lẹ́yìn ọjà, àtàwọn tó ń ṣe kàǹpálà lójúlé wọn, la kọ ìwé yìí sí yín. Èmi akọ̀wé ni mò ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń sọ ọ́, àwọn tó kù jókòó yí wa ká wọ́n ń dá sí i, nítorí náà tẹ́ ẹ bá débi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù ẹ bá wa fara dà á, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ọ̀kan nínú wa ló lọ sí sẹkitéríàtì, ó fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú fún ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ wọ pólì. Wọ́n ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá, wọ́n dúró títí, ó sú ọmọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo bébà tó wà lára bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ti rí i. Bébà yẹn wà lẹ́yìn gíláàsì, oòrùn ti pa á, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, pé káńsù fẹ́ ṣèpàdé lórí owó tuntun tí wọ́n máa gbà lórí ìsọ̀, kíóṣì àti àtíbàbà àwa oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kó wá sọ ọ́. Ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìpàdé yẹn ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn ń ka bébà fún ìyá ẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fi dé. Owó àtíbàbà tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́dún ti di ẹgbẹ̀rún méjìlá, wọ́n tún ní owó omi ìdọ̀tí wà lọ́tọ̀. A ní ta lẹ bá sọ ọ́? Wọ́n ní àwọn ti bá wa ṣèpàdé. Ìyá Ẹgbẹ́ ní àwa wo, àbí ẹ̀dá wa ló lọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dénú ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí aago mẹ́wàá àárọ̀ jẹ́ fún aláró, bóyá ẹ ò ṣe iṣẹ́ yìí rí. Láti aago mẹ́fà la ti ń po aró, tá a bá ti da sóódà àti háídíróòsì sí i, tó ti yọ ìfófò lójú, kò sí ohun tó ń jẹ́ mò ń bọ̀ mọ́. Aṣọ á wọlé, á jáde, á gba atẹ́gùn. Tó bá kọ́kọ́ jáde, bí ewé ló rí, ẹ ó máa wò ó báyìí lójú ara yín tí á fi di búlúù, ẹ ó tún tì í bọ inú ìkòkò padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí á fi dúdú bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ ìpàdé wákàtí mẹ́ta, aró á ti kú kẹ́ ẹ tó dé, owó kẹ́míkà ti wọgbó nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn wa, ìrọ̀lẹ́ ló máa pè wá, tàbí ọjọ́ tí àjọ ọjà ń ṣe ìmọ́tótó tí kò sẹ́ni tó ń tajà. Ẹni tó bá pè wá ní aago mẹ́wàá Túsìdeè, ẹ dákun, ó jọ pé kò fẹ́ ká wá ni.

A ò sọ pé a ò ní san owó o. Kí wọ́n má lọ gbé e fún yín báyẹn. A ń san án, rísíìtì wa wà nínú àpò ìyẹ̀fun kan lọ́dọ̀ akápò, láti ọdún tá a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tá a ń sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń ro ọ̀rọ̀ owó yẹn, kí àga wa wà níbẹ̀. Ọmọ wa kan tó ń ṣe lọ́ọ̀ ní yunifásítì ló ka ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa, ibi tí wọ́n ń pè ní Fourth Schedule, tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ó ka kíóṣì àti ìsọ̀ níbẹ̀, àwa náà gbà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ ó tún ka ọjà, ó ka ilé ìgbẹ́ gbogboogbò, ó ka kíkó ìdọ̀tí, ó ka gọ́tà. Gọ́tà! Ìyá Ẹgbẹ́ ní kó tún un kà, ó tún un kà. Ṣé ojú ìwé kan náà ni owó àtíbàbà àti gọ́tà jọ wà, tó wá jẹ́ pé apá kan péré lẹ ń rántí?

Gọ́tà tó wà lẹ́yìn àtíbàbà wa ti dí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Tójò bá rọ̀, omi aró á padà sójú ọ̀nà, á sì máa ṣàn lọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Jímọ́ọ̀ kan báyìí, jàlàbíà funfun Alhájì kan ló wọ inú ẹ̀, etí aṣọ di búlúù títí dé orúnkún, a bẹ̀bẹ̀ bẹ̀bẹ̀, a san owó aṣọ. (Oṣù kejì Alhájì wá ra àdìrẹ mẹ́rin fún ìyàwó ẹ̀, kò ní dáa ká má sọ ìyẹn.) Owó omi ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yìí, omi wo lẹ máa gbé lọ, gba ibo?

Ẹ má bínú ká tó lọ jìnnà. Àwa náà jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa kẹ́ ẹ má bàá bá wa sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò káńsù, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò lọ, a ní kí ló fẹ́ ti ibẹ̀ jáde, a lo ọjọ́ ìsinmi yẹn fi sá aṣọ. Kánsẹ́lọ̀ wa tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pe ìpàdé wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn mẹ́fà ló yọjú, mẹ́rin nínú wọn ẹbí ẹ̀. Ẹni tí kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, a jẹ́ pé egungun ló máa bá. A ti gba ẹ̀bi yẹn, ìdí nìyẹn tá a fi jókòó kọ ìwé yìí dípò ká máa kùn lórí WhatsApp.

Iṣẹ́ tiwa yìí kì í ṣe iṣẹ́ tó ń dákẹ́ sílé. Ní Abẹ́òkúta, láàrin àwọn ọdún 1930, nígbà tí wọ́n fòfin de sóódà àti aró òyìnbó, àwọn ìyá aláró ò fi ọ̀rọ̀ yẹn mọ́nú, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, títí tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti owó orí obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n ní àwọn ò ní máa san owó orí nígbà tí kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní 1948 Aláké, ọba wọn, kúrò nílùú, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní 1949, wọ́n fagi lé owó orí yẹn, wọ́n sì mú obìnrin wọ ìgbìmọ̀. A ò sọ ìyẹn láti dẹ́rù bà yín o, Alága, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òní la ti ń kọ̀wé.

Àti pé ẹ wo Ìbàdàn Dùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára ẹ̀. Mápó yẹn, ibi tí ìjọba ti ń ṣèpàdé nígbà náà ni. Àwọn ìyá wa fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya òpó ilé ìjọba sára aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì fọ́, mélòó nínú wọn ni wọ́n pè wọlé wá jókòó lábẹ́ òpó yẹn?

Ohun tá a wá ń bẹ̀ yín fún, àkọ́kọ́ ni nọ́tíìsì. Ìpàdé tó bá kan oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, ẹ fún Ìyálọ́jà àti gbogbo ẹgbẹ́ ní kọ́pì, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ ní mẹgafóònù tẹ́ ẹ fi ń kéde owó orí, mọ́tò yẹn kan náà lè kéde ìpàdé. Ẹ sì da owó tuntun yìí dúró ná títí tá a máa fi jókòó sọ ọ́, ìyẹn gan-an lolórí ọ̀rọ̀.

Èkejì, bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká rí ti wọ́ọ̀dù wa kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Kì í ṣe ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé, ojú ìwé kan tó: iye tẹ́ ẹ rò pé ó máa wọlé láti ọjà, iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná sọ́jà. Tẹ́lẹ̀ ẹ máa ń sọ fún wa pé owó yín wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, a sì máa ń káàánú yín lóòótọ́. Àmọ́ Supreme Court ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra ẹ̀, àti pé káńsù tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé owó yẹn ò tíì máa dé ọ̀dọ̀ yín bí ilé ẹjọ́ ṣe sọ, ẹ wí fún wa, àwa náà á bá yín kọ̀wé sókè, ohùn wa pọ̀ ju tẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ̀kẹta, kí kánsẹ́lọ̀ máa wá jókòó lọ́jà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìrọ̀lẹ́, wákàtí méjì péré. A máa gbé bẹ́ǹṣì àti omi tútù kalẹ̀. Kó máa wá pẹ̀lú ìwé, kó máa kọ ohun tá a bá sọ, tó bá tún dé lóṣù tó ń bọ̀ kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Sí ẹ̀yin aṣòfin wa ní ìpínlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe públíìkì hírìn, ìyẹn ìpàdé ìta gbangba, lórí òfin tó kan ọjà tàbí owó orí, ẹ ránṣẹ́ sí wa, a máa kọ mẹ̀mọ́ wá, ẹni méjì á sì gbé e wá sọ lẹ́nu ara wọn. A mọ̀ pé section 110 wà nínú ìwé òfin 1999 yẹn tó sọ bí aráàlú ṣe lè pe aṣòfin ìpínlẹ̀ padà wálé, pé ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ dìbò lọ kó tó ṣeé ṣe, ìdìbò tún máa wà lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn pọ̀ jàre. Ó rọrùn ju ìyẹn lọ kẹ́ ẹ kàn máa gbé fóònù wa.

Ti gọ́tà, a ti kọ lẹ́tà FOI lọ́tọ̀, ìyẹn òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, ó wà lẹ́yìn ìwé yìí, a béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ọjà lọ́dún méjì sẹ́yìn àti ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún. Òfin yẹn ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ló fún yín láti dáhùn, kò sì pọn dandan ká sọ ìdí tá a fi fẹ́ mọ̀. Supreme Court tún sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ àti gbogbo ibi tí owó ìlú wà. Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun fẹ́ dán ìyẹn wò lójú ara òun, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ní tiwa, a ti yan èèyàn márùn-ún tó máa máa lọ sí gbogbo ìpàdé, wọ́n máa gbà á ní ìpín ìpín, ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá bọ́ sí, àwọn tó kù á bá a ti aṣọ ẹ̀ bọ aró. Ọmọ iṣẹ́ kan ń ya fọ́tò gọ́tà yẹn ní gbogbo Sátidé, déètì wà lára wọn. Ẹni tí kò bá ní káàdì ìdìbò nínú wa máa san ìtanràn fún ẹgbẹ́, a ti fẹnu kò.

Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló fọwọ́ sí i. Àwọn mọ́kàndínlógún tẹ̀ka, a ò ra ìńkì fún wọn, aró ọwọ́ wọn ló tó, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ràn díẹ̀ sójú ìwé kejì, ohun tó fà á nìyẹn. A ṣe kọ́pì méjì méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá gbà á ní sẹkitéríàtì lu sítáǹbù mọ́ ìkejì, kó kọ déètì àti orúkọ ẹ̀ sí i, kó dá a padà fún ẹni tó mú un wá, torí èyí tá a kọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò rí i.

Tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ẹgbẹ́, Akápò, àti èmi Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo aláró àti aládìrẹ ẹ̀yìn ọjà