Sí Ẹ̀yin Tíṣà Ọ̀dọ́ Tó Ń Múra Ìsinmi: Ẹ Wo Òǹtẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú onílùú,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀. Mo fẹ́ fi sùúrù kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń ṣe tíṣà ní Táílàńdì. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì mọ owó ṣọ́. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó rí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú kan tó ń lọ sí Laos, orílẹ̀-èdè tó múlé ti Táílàńdì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fẹ́ lò. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: owó bọ́ọ̀sì, owó ibùsùn, owó físà Laos, owó oúnjẹ, títí dórí owó omi. Ó ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì yìn ín. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, èmi gan-an ò sì kíyè sí i: àṣẹ ìpadàwọlé, ìyẹn òǹtẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹni tó jáde lè padà wọ Táílàńdì láìpàdánù àṣẹ ìgbélùú rẹ̀. 1,000 báàtì, owó Táílàńdì, ni.

Bó ṣe ń padà bọ̀, aṣọ́bodè ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní àṣẹ ọdún kan tó ní láti máa gbé Táílàńdì ti kú láti ọjọ́ tó ti jáde. Ó ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ físà tuntun láti òkèèrè. Ilé ìwé rẹ̀ dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gba ẹlòmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta, kí n sá má dárúkọ òun. Lọ́jọ́ tó pè mí, gbólóhùn kan ló ń tún sọ: “Bàbá, mo ṣírò gbogbo ẹ̀ o. Mo ṣírò gbogbo ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni ilé yín báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe máa wọlé padà kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Òfin ọ̀rọ̀ yìí ò farasin rárá. Ní Táílàńdì, àfikún ọdún kan sí àṣẹ ìgbélùú tí wọ́n lù sínú ìwé ìrìnnà yín máa ń parẹ́ tí ẹ bá jáde nílùú láìgba àṣẹ ìpadàwọlé. Fọ́ọ̀mù TM.8 ni wọ́n ń kọ fún un. Ẹni tó fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan máa san 1,000 báàtì, ẹni tó fẹ́ máa jáde máa wọlé títí ọdún náà á fi tán máa san 3,800. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n tó wà níbi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ní Suvarnabhumi, pápákọ̀ ńlá Bangkok, lè rí i gbà níbẹ̀ kó tó kọjá sínú, àmọ́ kí ẹni tó ń gba orí ilẹ̀ lọ má fọkàn sí i pé òun á rí i gbà lẹ́nu bodè.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí díẹ̀ ló kù kó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́dún 1996 ni. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí Afárá Ọ̀rẹ́ tó so Nong Khai, ìlú ẹnubodè Táílàńdì, mọ́ Laos, gbogbo àwa tíṣà ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ló sì ń fẹ́ kọjá lórí ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ní Hua Lamphong, ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Bangkok. Ibùsùn òkè ni mo rà, torí ó dínwó ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Iná ọkọ̀ ò kú lójú mi mọ́jú, àmọ́ inú mi dùn: mo ti fi oorun inú ọkọ̀ yẹn gba owó ilé ìtura alẹ́ kan padà.

Tíṣà kan tó jù mí lọ dáadáa, obìnrin, ló wà ní ibùsùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi mí pé, “Ṣé o ti gba òǹtẹ̀ ìpadàwọlé?” Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rín in. Ó gba ìwé ìrìnnà náà lọ́wọ́ mi, ó fi itọ́ kan ìka, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan òǹtẹ̀ kan tí tádàwà rẹ̀ ti ń ṣí. Ó fi èékánná tẹ déètì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ tí èyí máa kú rèé. Tí o bá kọjá afárá yẹn, òní ló máa kú.”

Inú bí mi sí i. Mo rò pé ó fẹ́ ba họ́lídé mi jẹ́ ni. Àmọ́ mi ò kọjá.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wà ní Nong Khai. Mo háyà kẹ̀kẹ́, mo gùn ún lọ sí Sala Keoku, níbi tí wọ́n fi kọ̀ǹkéré mọ àwọn ère tó ga ju ilé lọ. Ejò olórí méje kan wà níbẹ̀, ọrùn ń ro èèyàn kó tó lè rí orí ẹ̀ tán. Nírọ̀lẹ́, màá lọ jókòó sétí odò Mekong. Omi náà kún, ó pọ́n bí amọ̀, iná díẹ̀díẹ̀ ti Laos á sì máa tàn lódìkejì. Mi ò débẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo wà ní kíláàsì mi, owó sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ ó lo òru mẹ́ta lórí fóònù kí ẹ lè rí bàálù tó fi 200 báàtì dín sí òmíràn, ẹ ò wá lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ojú ewé kan nínú ìwé tó wà nínú àpò yín! Bàálù olówó pọ́ọ́kú náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà ju ẹrù kílò 7 lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí báàgì bá ti ju bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tó wà ní Jàpáànù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín kọ́ nìyí. Ẹni tó máa padà láàárín ọdún kan ò ní san kọ́bọ̀ fún ìpadàwọlé níbẹ̀, àmọ́ àpótí kékeré kan wà lórí káàdì ìjáde tí ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì sí pé ẹ ń padà bọ̀. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tún un wò. Ẹ má sì ka Japan Rail Pass, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri Jàpáànù, mọ́ ìṣirò yín. Àlejò ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, tíṣà tó ní físà iṣẹ́ ò lè rà á. Seishun 18 ni kí ẹ bèèrè, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó rọra ń lọ. Àsìkò ìsinmi ilé ìwé gan-an ni wọ́n ń tà á.

Ní Ṣáínà, tí àṣẹ ìgbélùú yín bá wà ní ọ́fíìsì fún àtúnṣe, ìwé ìrìnnà yín wà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ bi ilé ìwé yín léèrè ọjọ́ tó máa jáde kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá àti àsìkò ọdún tuntun wọn, gbogbo ìlú ló ń rìn. Ẹni tó bá ní sùúrù á lọ lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Songkran, ọdún tuntun àwọn ará Táílàńdì, 13 sí 15 oṣù kẹrin.

Ẹ tún wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ìsinmi gígùn Táílàńdì máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta títí di àárín oṣù karùn-ún, àwọn tíṣà kan sì wà tí àdéhùn wọn jẹ́ oṣù mẹ́wàá péré. Owó oṣù ò ní wọlé ní gbogbo àkókò yẹn. Tí ẹ bá ná owó ilé gbígbé oṣù karùn-ún sétí òkun, ta lẹ fẹ́ yá?

Àti ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ẹni tó ń háyà rẹ̀ fún yín á ní kí ẹ fi ìwé ìrìnnà dúró. Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ fún un ní owó ìdógò, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé yẹn ni iṣẹ́ yín, òun ni ilé yín, òun ni ọ̀nà àbọ̀ yín. Mo ti sọ ọ́, màá tún un sọ: ẹ ṣí i lónìí, kí ẹ wo déètì tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ti ìpadàwọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ wa tí bodè dá padà yẹn ṣì wà ní Vientiane, olú ìlú Laos. Ilé ìwé méjì ló kọ̀wé sí, ó ń retí èsì wọn. Ó pè mí lálẹ́ àná. Ó ní òun máa ń rìn lọ sétí odò Mekong nírọ̀lẹ́, òun á jókòó, òun á máa wo iná Táílàńdì lódìkejì.

Èmi ni bàbá yín, tíṣà àná.